Máàpù ìràwọ̀ tí wọ́n yà fún Lọ́ńdọ̀nù kò lè júwe ọ̀run fún ọmọ Ìbàdàn

Ní àárín oṣù Kejì ọdún, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ìràwọ̀ pupa rúsúrúsú kan máa ń dúró ní ọ̀gangan àtàrí àwọn ará Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀ àti Kétu. Betelgeuse ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Kò sí pé èèyàn ń wá a lọ sí àríwá tàbí gúúsù. Ẹni tó bá bọ́ síta, tó gbójú sókè tààrà, ti rí i, bí ọyẹ́ kò bá ti bo ojú ọ̀run jù.

Láti ìparí ọdún 2019 títí wọ oṣù Kejì ọdún 2020, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ yìí dínkù débi pé àwọn èèyàn káàkiri àgbáyé ń bi ara wọn bóyá ó ti fẹ́ bú gbàmù. Ìwádìí fi hàn lẹ́yìn náà pé eruku tí ìràwọ̀ náà fúnra rẹ̀ tú jáde ló bò ó lójú. Lára àwọn tó ń ṣọ́ ọ lálaalẹ́ ni àwọn tí kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rárá. Ojú lásán ni wọ́n ń fi wò ó láti ẹ̀yìnkùlé wọn, wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀.

Ní Ìbàdàn, níbi tí ìràwọ̀ náà ti ń gba orí òrùlé kọjá, èèyàn mélòó ló lè fi ìka tọ́ka sí i?

Kì í ṣe ojú ni kò ríran. Máàpù ni kò sí lọ́wọ́. Èyí tó sì wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé, ibòmíràn ni wọ́n yà á fún.

Ibi téèyàn dúró sí ló ń sọ ọ̀run tó máa rí

Máàpù ìràwọ̀ kò dà bí máàpù ilẹ̀ ayé, tó jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo. Bí èèyàn bá ṣe jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì tó, ìyẹn ìlà agbedeméjì ayé, ni ọ̀run tó wà lókè rẹ̀ ṣe ń yí padà.

Lọ́ńdọ̀nù wà ní nǹkan bíi dígírì 51 sí àríwá ìlà náà. Dígírì 7 àti díẹ̀ ni Ìbàdàn wà, Accra kò pé 6, Kano jẹ́ 12.

Iye yìí gan-an ni gíga tí Polaris, ìràwọ̀ àríwá, máa ń wà lókè ilẹ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Bí èèyàn bá na apá síwájú tó di ìkúùkù, ìkúùkù kan tó nǹkan bíi dígírì 10. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìràwọ̀ àríwá fi ìkúùkù márùn-ún ga ju ilẹ̀ lọ. Ní Kano, ó lé díẹ̀ ní ìkúùkù kan. Ní Èkó àti Accra, kò tó ìkúùkù kan. Igi ọ̀pẹ àti òrùlé aládùúgbò ti tó láti bò ó mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, ìwé tó bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ Èkó kọ́kọ́ wá ìràwọ̀ àríwá kó tó wá ìyókù, ìdáwọ́lé òfo ló rán an. Bákan náà ni èyí tó ní kí ó wo gúúsù láti rí Orion, agbo ìràwọ̀ ọlọ́dẹ tí Betelgeuse wà nínú rẹ̀. Gúúsù ni Orion máa ń dúró sí lójú ará Lọ́ńdọ̀nù. Lójú ará Ìbàdàn, òkè orí ló ń gbà.

Ọmọ tó bá wo ibi tí ìwé ní kó wò, tí kò rí nǹkan kan, kò ní sọ pé ìwé ló ṣì. Yóò ní ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ kò yé òun. Àdánù tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ìjókòó iwájú

Bẹ́ẹ̀, ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ló jókòó síwájú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1922 ni àjọ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé, IAU, fẹnu kò lórí agbo ìràwọ̀ 88 tó pín gbogbo ojú ọ̀run. Láàárín ọdún kan, ẹni tó wà ní Èkó, Cotonou tàbí Lomé lè rí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ní àárín oṣù Karùn-ún, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, bí òjò bá ti dá, kí èèyàn kọjú sí àríwá. Ìràwọ̀ méje tó tò bí ìgbákọ wà níbẹ̀. Kó wá yí ẹ̀yìn padà sí gúúsù. Ìràwọ̀ mẹ́rin tó tò bí àgbélébùú náà wà níbẹ̀, tó fi ìkúùkù méjì àti díẹ̀ ga ju ilẹ̀ lọ. Àgbélébùú Gúúsù yìí wà lára àsíá Brazil àti ti Australia. Ará Lọ́ńdọ̀nù kò lè rí i láti ìlú rẹ̀ láéláé.

Bí wọ́n ṣe ń kà á

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ da olùbẹ̀rẹ̀ láàmú ni pé ìlà oòrùn wà lápá òsì máàpù ìràwọ̀, ìwọ̀ oòrùn sì wà lápá ọ̀tún. Kì í ṣe àṣìṣe. Máàpù ilẹ̀, ìsàlẹ̀ lèèyàn ń wò. Máàpù ọ̀run, òkè ni. Bí èèyàn bá gbé e sókè orí, tó kọ àríwá rẹ̀ sí àríwá, ohun gbogbo yóò bọ́ sí àyè rẹ̀.

Ọjọ́ àti aago tún ṣe pàtàkì. Ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin yọ ṣáájú ti àná, ìyẹn wákàtí méjì láàárín oṣù kan. Máàpù aago mẹ́sàn-án alẹ́ ní àárín oṣù Kejì bá ti aago mọ́kànlá alẹ́ ní àárín oṣù Kìn-ín-ní mu.

Lẹ́yìn èyí, kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó hàn kedere. Ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ni ìgbànú Orion. Bí èèyàn bá fa ìlà wọn síwájú sí apá gúúsù àti ìlà oòrùn, yóò já sí Sirius, ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lọ lálẹ́.

Fóònù lè ṣe é, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń ba ojú jẹ́. Ojú nílò bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n nínú òkùnkùn kó tó ríran dáadáa, ìmọ́lẹ̀ fóònù kan ṣoṣo sì lè dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Abala ìwé kan àti tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ọ̀rá pupa bò lójú sàn jù. Alẹ́ tí iná ọba bá lọ ní gbogbo àdúgbò, tí jẹnẹrétọ̀ náà dákẹ́, ni ìràwọ̀ máa ń pọ̀ jù.

Kì í ṣe àjèjì, kì í ṣe àfọ̀ṣẹ

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ọmọ tó ń wo ìràwọ̀ yóò di awòràwọ̀ tó ń sọ tẹ́lẹ̀. Máàpù kì í sọ àyànmọ́ ẹnikẹ́ni; ibi tí ìràwọ̀ wà ló ń sọ, bí ìwé ojú ọ̀nà ṣe ń sọ ibi tí Ògbómọ̀ṣọ́ wà.

Àwọn ará àtijọ́ náà mọ̀ wọ́n lórúkọ. A. B. Ellis kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ nípa Yorùbá ní ọdún 1894 pé ìràwọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ń pe Sirius, nítorí àwọn atukọ̀ ń fi í mọ ọ̀nà. Àwọn Hausa rí ìdìpọ̀ Pleiades, wọ́n pè é ní àgbébọ̀ adìẹ tó kó ọmọ. Yorùbá sì mọ àgùàlà dáadáa débi tí wọ́n fi ń pa á lówe pé ó ń bá oṣù rìn, àwọn èèyàn ṣebí ajá rẹ̀ ni.

Àwọn mìíràn yóò ní ebi ń pa aráàlú, ta ló ráyè ìràwọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ńlá ni wọ́n ń béèrè. Nàìjíríà fi sátẹ́láìtì NigeriaSat-1 ránṣẹ́ sókè ní ọdún 2003. Ní 2017, sátẹ́láìtì kéékèèké tí FUTA ní Àkúrẹ́ àti fásitì All Nations ní Ghana lọ́wọ́ nínú rẹ̀ gbéra láti ibùdó òfurufú ISS. Ibi tí wọ́n ti ṣe èyí, kò yẹ kí títẹ abala ìwé kan ṣòro.

Stellarium, ètò orí kọ̀ǹpútà tí kò gba kọ́bọ̀, lè ya ọ̀run ìlú yòówù fún alẹ́ yòówù. Olùkọ́ kan lè tẹ ti Ìbàdàn, Parakou tàbí Kano jáde, kó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún kíláàsì, kó sì fún àwọn ọmọ ní iṣẹ́ àṣetiléwá kan ṣoṣo ní sáà kan: kí wọ́n bá òbí wọn jáde lálẹ́, kí wọ́n wá ìràwọ̀ márùn-ún.

Kí àwọn tó ń kọ ìwé sáyẹ́ǹsì fún ilé ẹ̀kọ́ ní agbègbè yìí náà yọ máàpù dígírì 51 kúrò, kí wọ́n fi ti ilé síbẹ̀. Nígbà tí Betelgeuse bá tún yí padà, ó yẹ kí ọmọ kan wà ní Ìbàdàn tí yóò kọ́kọ́ sọ pé ìràwọ̀ òkè ilé àwọn kò rí bó ṣe rí lánàá.