Àwọn Tó Dúró Níwájú



Ní ìpàdé tó kọjá, gbogbo wa la dìde sí akọ̀wé wa pé owó tí a ó fi gbé òkú arákùnrin wa lọ sílé kò tètè jáde. A sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i, ó dákẹ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ ni pé àwọn tí a yàn láti gba owó lójúlé dé ojúlé ni kò jáde. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí wà lára wọn.

Èyí ló rán wa létí bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà. Kì í ṣe èyí tí à ń fẹsẹ̀ gbá o. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, tí wọ́n sì fi ń jù ú. Eré náà kò ṣàjèjì sí ìlú yìí, nítorí Enugu ni a bí Christian Okoye sí ní 1961. Ní 1989, nínú ẹgbẹ́ Kansas City Chiefs, òun ló gbé bọ́ọ̀lù sáré jùlọ nínú ìdíje àgbà wọn: 1,480 yáàdì.

Ẹnìkan wà nínú eré náà tí wọ́n ń pè ní quarterback. Òun ló ń wo ọ̀nà, tó sì ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Géńdé márùn-ún dúró níwájú rẹ̀ bí ògiri, kí ó lè rí ìṣẹ́jú àáyá bíi mẹ́ta fi ronú. Bí ẹyọ kan nínú wọn bá yẹ̀, ọ̀tá á wọlé gbé e ṣánlẹ̀, tàbí kí ó fi ìkánjú ju bọ́ọ̀lù sọ́wọ́ ọ̀tá. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tí ń pariwo orúkọ àwọn márùn-ún.

Ẹ wo Patrick Mahomes, quarterback ẹgbẹ́ Okoye yẹn náà, nínú àṣekágbá mẹ́ta. Ní oṣù kejì 2021, àwọn méjì tó ń ṣọ́ etí ògiri ti fara pa; wọ́n gbé e ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n sì pàdánù, 31 sí 9. Wọ́n tún ògiri mọ. Ní 2023, kò sẹ́ni tó gbé e ṣánlẹ̀ rárá. Wọ́n borí, 38 sí 35. Ní 2025, ògiri tún ya. Wọ́n gbé e ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, wọ́n sì pàdánù, 40 sí 22. Ọkùnrin kan náà ni, ọwọ́ kan náà.

Àwọn ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ wa wà nínú iṣẹ́ ògiri yìí. Olúṣẹ́gun Olúwatìmí ti Yunifásítì Michigan gba ẹ̀bùn Outland ní 2022. Ẹgbẹ́ New York Jets sì mú Olúmúyìwá Fáṣànú ní 2024.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òdodo: quarterback tó bá di bọ́ọ̀lù mọ́wọ́ pẹ́ jù, òun ló fa ìṣubú ara rẹ̀. Kí akọ̀wé wa náà má ṣe jókòó lórí ìwé.

Àwa tí a wà ní rélùwéè mọ̀ pé awakọ̀ ló ń gba ìyìn, àwọn tó ń tún irin ṣe ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ yẹ̀ sínú igbó. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ní Sátidé, a ó yí àdúgbò tiwa ká. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tilẹ̀kùn.

A bá ìdílé tó bí ìbejì yọ̀. Ọlọ́run á wò wọ́n.