Iye kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ bi dókítà tó fẹ́ ṣe ọyàn wa

Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ta fóònù ní Sábó, Yaba, kí ẹ wo bí àwọn ọ̀dọ́ wa ṣe ń rajà. "Ṣé UK used ni àbí ará ibí ló ti lò ó? Ṣé wọ́n ti tú u rí? Bátìrì ẹ̀ ńkọ́? Tó bá daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ta ni màá gbé e wá bá?" Wọn ò ní sanwó títí wọ́n á fi fi fóònù náà ya fọ́tò, tí wọ́n á tún fi pe ọ̀rẹ́ wọn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ṣa owó nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n tó bá kan iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń mú ọyàn tóbi, ìbéèrè kan ṣoṣo lọ̀pọ̀ wa máa ń fi ránṣẹ́ lórí Instagram: "Èló ni?" Tí wọ́n bá ti dárúkọ iye, tí wọ́n ní promo máa parí lópin oṣù, ó ti di ká san àsansílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, fóònù ṣeé dá padà, ara ò ṣeé dá padà.

Mi ò wá wàásù o. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọyàn rẹ̀, ara rẹ̀ ni, owó rẹ̀ ni. Àwọn kan tiẹ̀ wà tí wọ́n gé ọyàn wọn nítorí jẹjẹrẹ, tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n bá àwọn tún un ṣe. Ta ló máa dá wọn lẹ́bi? Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ: dókítà tí kò bá lè fara balẹ̀ dáhùn ìbéèrè yín, ẹ má jẹ́ kó fi ọ̀bẹ kàn yín.

Mo mọ ohun tó ń dí wa lọ́wọ́. Wọ́n tọ́ wa dàgbà pé a kì í da ìbéèrè bo àgbà, àgàgà dókítà tó wọ aṣọ funfun. A rò pé ó máa kà á sí àrífín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òfin wí. Abala 23 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé dandan ni kí oníṣẹ́ ìlera ṣàlàyé ìtọ́jú tó wà, àǹfààní rẹ̀, ewu rẹ̀, iye tó máa náni àti ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ fún ẹni tó wá gba ìtọ́jú. Òfin náà tún ní kí ó sọ ọ́ ní èdè tó yé onítọ̀hún níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Ẹ gbọ́ o: èdè tó yé yín. Tó bá jẹ́ Yorùbá ló yé yín jù, ẹ ní kó sọ ọ́ ní Yorùbá. Ẹ̀tọ́ yín lẹ ń béèrè, ẹ ò tọrọ ojúrere.

Àwọn tó bá ń rò pé àwọn tálákà nìkan ni iṣẹ́ abẹ ẹwà máa ń dà rú mọ́ lọ́wọ́, ẹ rántí Stella Obasanjo. Ìyàwó ààrẹ orílẹ̀-èdè yìí ni nígbà tó lọ ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ ní Spain, tó sì kú ní October 23, 2005. Ó ku díẹ̀ kó pé ọgọ́ta ọdún. Ní 2009, ilé ẹjọ́ kan níbẹ̀ dá dókítà náà lẹ́bi, wọ́n sì ní kó má ṣe iṣẹ́ dókítà fún ọdún mẹ́ta. Owó ò gbà á, ipò ò gbà á.

Ní 2011, ọmọbìnrin ẹni ogún ọdún kan, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, wọkọ̀ òfúrufú lọ sí Philadelphia l'Amẹ́ríkà kí wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ fa silicone sí ìdí rẹ̀ nínú hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó gún un lábẹ́rẹ́ kì í ṣe dókítà rárá. Ọmọ náà kú. Ní 2015, ilé ẹjọ́ dá obìnrin tó ṣe é lẹ́bi ìpànìyàn. Ìdí ni wọ́n ṣe níbẹ̀, kì í ṣe ọyàn, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni kò wáyé: ta nìwọ gan-an?

Òun ló yẹ kó jẹ́ ìbéèrè àkọ́kọ́. Ẹ̀rí pé èèyàn ka ìwé dókítà nìkan ò tó. Ẹ béèrè nọ́ńbà rẹ̀ lọ́dọ̀ MDCN, ìyẹn àjọ tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá ó ti gba ìwé àṣẹ tọdún yìí, torí ọdọọdún ni wọ́n ń sọ ọ́ dọ̀tun. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara gan-an lẹ kọ́, àbí iṣẹ́ abẹ mìíràn?" Ẹni tó kọ́ ọ dé òpin máa ní oyè FWACS tàbí FMCS nídìí iṣẹ́ náà. FWACS yìí ò jìnnà sí wa: Yaba níbí, ní Taylor Drive tó yà láti Edmund Crescent, ni oríkò West African College of Surgeons wà. Àwọn oníṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara nílẹ̀ wa tún ní ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní NAPRAS. Ẹ béèrè bóyá ó wà níbẹ̀. Kí ẹ tún bi í pé ọyàn mélòó ló ti ṣe, mélòó nínú wọn ló sì padà wá nítorí ìṣòro. Ẹni tó bá ní òun ò rí ìṣòro rí, ẹ fura sí i.

Ìkejì: níbo lẹ ti fẹ́ ṣe é? L'Ékòó, HEFAMAA ló ń fún ilé ìwòsàn ní àṣẹ. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ náà hàn yín. Ẹ béèrè pé ta ló máa fún yín ní oògùn akunnilóorun. Tó bá jẹ́ dókítà tó ń lo ọ̀bẹ náà ló máa tún ṣèyẹn, ẹ dìde. Tí NEPA bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́ abẹ ńkọ́? Ṣé ọ́síjìn wà? Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà nítòsí? Tí nǹkan bá le lóru, ọsibítù wo lẹ máa sáré gbé mi lọ, nọ́ńbà ta ni màá sì pè? Ẹ má gba "Kò ní sí wàhálà" bí ìdáhùn. Àdúrà nìyẹn, kì í ṣe ètò.

Ìkẹta: kí lẹ fẹ́ kì sínú àyà mi? Kì í ṣe gbogbo àpò silicone ló jẹ́ ọ̀kan náà. Ilé iṣẹ́ PIP ní Faransé fi silicone tí kì í ṣe ti ìṣègùn ṣe tiwọn, wọ́n sì tà á káàkiri ayé kí àṣírí tó tú ní 2010. Ní 2013, ilé ẹjọ́ rán ẹni tó dá a sílẹ̀ lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rin. Ní July 2019, Allergan ní láti kó irú tiwọn kan tí ara rẹ̀ rí ṣákiṣàki kúrò lọ́jà kárí ayé, torí wọ́n rí i pé ó tan mọ́ jẹjẹrẹ kan tó ṣọ̀wọ́n. Nítorí náà, ẹ béèrè orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, irú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, àti bóyá NAFDAC mọ̀ nípa rẹ̀. Nọ́ńbà máa ń wà lára àpò kọ̀ọ̀kan. Ẹ rí i pé ẹ gba káàdì tí nọ́ńbà yẹn wà lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìròyìn bá jáde pé irú kan ò dáa, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ pé tiyín kọ́ ni?

Ìkẹrin, èyí tí ìpolówó kì í sọ: ọdún mẹ́wàá sí i ńkọ́? Àpò yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé dé sàréè. FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn l'Amẹ́ríkà, sọ pé ó lè tó ẹnì kan nínú márùn-ún lára àwọn tó fi mú ọyàn tóbi tó máa yọ ọ́ láàárín ọdún 8 sí 10. Ó lè bẹ́. Ara lè ṣù yí i ká kí ọyàn le kó sì máa dunni. Àjọ náà tún ní kí ẹni tó bá lo ti silicone lọ ya àwòrán ọyàn rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 5 tàbí 6, lẹ́yìn náà ní ọdún 2 tàbí 3 síra. Ta ló máa sanwó ìyẹn? Èló ni yíyọ rẹ̀? Ṣé màá lè fún ọmọ lọ́mú? Báwo ni wọ́n á ṣe máa yẹ̀ mí wò fún jẹjẹrẹ ọyàn? Àwa aláwọ̀ dúdú sì ní tiwa: bí àpá bá máa ń wú lára yín tàbí lára àwọn ará ilé yín, irú èyí tí wọ́n ń pè ní keloid, ẹ sọ fún dókítà, kí ẹ sì bi í pé ibo ló máa gé.

Kì í sì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ máa béèrè. Dókítà gidi máa béèrè tirẹ̀: genotype yín, ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn tí ẹ ń lò, oyún, sìgá. Ó lè wò yín kó ní, "Rárá, n kò ní ṣe é." Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Lẹ́yìn tí Donda West, ìyá olórin Kanye West, kú ní 2007 ní ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ ẹwà, ìpínlẹ̀ California ṣòfin ní 2009 pé wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ara èèyàn wò, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara onítọ̀hún gbé e, kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn án nítorí ẹwà.

Ìwé náà ṣe pàtàkì. Ní 2020, àjọ FCCPC ti ilé iṣẹ́ abẹ ẹwà kan pa níbí l'Ékòó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ lọ́dún yẹn, ara ẹ̀sùn tí wọ́n kà ni pé wọ́n kọ̀ láti yọjú sí àjọ náà àti láti kó ìwé sílẹ̀. Tí àjọ ìjọba bá lè dé kóòtù kó tó rí ìwé gbà, kí lẹ̀yin fẹ́ ṣe lẹ́yìn tí nǹkan bá ti bàjẹ́? Ẹ gba ẹ̀dà ohun tí ẹ fọwọ́ sí, rìsíìtì àti àbájáde àyẹ̀wò yín ṣáájú. Kí ẹ sì mú ẹnì kan dání. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló ń yọ́ lọ kí Mọ́mì má baà gbọ́. Ẹ lè má sọ fún Mọ́mì, ṣùgbọ́n kí ẹnì kan mọ ibi tí ẹ wà.

Bí ẹ bá fẹ́ ìmọ̀ràn ẹlòmíràn kí ẹ tó sanwó, Igbóbì àti LUTH ní Ìdí-Àràbà ní ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara, kò sì sí èyí tó jìnnà sí Sábó.

Ìjọba náà ní tiwọn láti ṣe. Ohun tí mo fẹ́ kò le: kí HEFAMAA àti MDCN sọ ọ́ di dandan pé ìpolówó iṣẹ́ abẹ kankan kò gbọ́dọ̀ jáde lórí Instagram tàbí TikTok láìsí nọ́ńbà dókítà àti nọ́ńbà àṣẹ ilé ìwòsàn náà lára rẹ̀, kí ẹni tó ń wò ó lè yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Kí wọ́n tó ṣe é, ẹnu yín nìkan lẹ ní. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ kọ àwọn ìbéèrè yìí sínú fóònù yín, ẹ kà á sí dókítà létí níkọ̀ọ̀kan. Tó bá bínú, ẹ kí i pé ó dàbọ̀, kí ẹ sì mú owó yín dání.