Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba ojú omi lọ sí Àjàṣẹ́, ìwé yín dà?

Nínú oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni wọ́n tẹ ìyá àgbà mi láago n'Ífọ̀ pé àìsàn ti dá àbúrò wọn wólẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ìyẹn ìlú táwọn Òyìnbó ń pè ní Porto-Novo lórílẹ̀-èdè Bìní. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, wọ́n tún pè pé olóògbé ni. Mùsùlùmí ni wọ́n, ẹ sì mọ̀ pé Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Màmá kó aṣọ méjì sínú báàgì, wọ́n wọ mọ́tò n'Ífọ̀, wọ́n gba Sàngó, Àtàn àti Lùsádà já sí Àgbárá, wọ́n sì forí lé Àgbádárìgì. Ojú omi ni wọ́n fẹ́ gbà, nítorí wọ́n ní àwọn tó ń dá mọ́tò dúró lójú títì títí dé Sẹ̀mẹ̀ ti pọ̀ jù.

N kò ní dárúkọ èbúté tí wọ́n ti dá màmá dúró, n kò sì ní sọ ẹni tó dá wọn dúró. Wọ́n ní kí màmá mú ìwé jáde, káàdì ìdìbò ni màmá yọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn kò béèrè ẹni tí ìyá dìbò fún. Orí bẹ́ǹṣì ni màmá wà láti àárọ̀ títí wọ́n fi kírun Àsárì, kó tó di pé wọ́n san owó tí kò ní rìsíìtì. Ìgbà tí ọkọ̀ fi máa gúnlẹ̀ sí Àjàṣẹ́, wọ́n ti da yẹ̀pẹ̀ bo àbúrò wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń gbé mi nínú láti ìgbà náà. Àwọn tó gbowó lọ́wọ́ ìyá arúgbó tó ń lọ síbi òkú, ìwà tí wọ́n hù burú, n kò sì lè wá ọ̀rọ̀ dídùn fi bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú sí ọmọ yín bí mo bá sọ pé àwa náà lẹ́jọ́ tiwa jẹ́. Màmá kò ní ìwé. Ẹni tí kò bá sì níwèé, ó ti fi ọ̀rùn ara rẹ̀ lé ẹni tó ń wá owó ọbẹ̀ lọ́wọ́.

Bí a kò bá gbàgbé, ìlú Èkó ni wọ́n ti dá àjọ ECOWAS sílẹ̀ lọ́dún 1975. Ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 1979, àwọn olórí orílẹ̀-èdè tún pàdé ní Dakar, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú àjọ náà lè wọ òmíràn láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ fún wa lórí rédíò pé bodè ti ṣí. Èyí tí etí wa kò gbọ́ dáadáa ni ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e: ẹni náà gbọ́dọ̀ mú ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá dání, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Pé wọn kò béèrè físà kò túmọ̀ sí pé kéèyàn máa lọ lọ́wọ́ òfìfo. Òfin náà kò sì ya ojú omi sọ́tọ̀. Mali, Burkina Faso àti Niger ti jáde kúrò nínú àjọ náà ní oṣù kìíní ọdún 2025, ṣùgbọ́n Bìní àti Tógò ṣì wà níbẹ̀, àdéhùn náà sì ṣì de àwa àti wọn.

Páásípọ́ọ̀tù ni ìwé tí kò sẹ́ni tó lè bá yín jiyàn lé lórí. Lọ́dún 1985, ECOWAS fọwọ́ sí ìwé pélébé kan tó wà fún ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nìkan, kí mẹ̀kúnnù lè rí nǹkan mú dání. Lọ́dún 2014, wọ́n tún fẹnu kò pé káàdì ìdánimọ̀ ni kó rọ́pò ìwé yẹn, Sẹ̀nẹ̀gà ló sì kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ jáde lọ́dún 2016. Mo béèrè nípa káàdì yìí lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà kan ní Mowe àti Ìbàfò. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ rí nínú wọn. Ìyá kan bi mí bóyá ti ìbò ni. Káàdì ìdìbò kì í ṣe ìwé ìrìnnà o. Pépà tí wọ́n tẹ nọ́ńbà NIN sí náà kì í ṣe ìwé ìrìnnà, àmọ́ láìsí NIN, kò sẹ́ni tó máa ṣe páásípọ́ọ̀tù fún yín.

Ti abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, tí wọ́n ń fún èèyàn ní yẹ́lò káàdì lé lórí, ó rọrùn ju bí a ti rò lọ. Láti ọdún 2016, àjọ ìlera àgbáyé ti sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo téèyàn bá gbà á, ó tó títí ọjọ́ ayé rẹ̀, kò sí pé à ń tún un gbà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá mọ́. Ẹni tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí kò gbà á rí, kó kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀, torí ó máa ń nira fún ara àgbà nígbà mìíràn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta káàdì fún yín láìgún yín lábẹ́rẹ́.

Àwọn àgbà á ní, ṣé ìwé la fi ń lọ sí Àjàṣẹ́ láyé ìjelòó? Rárá. Ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó fa ilà náà, wọn kò sì bi ará Kétu tàbí ará Sákété léèrè. Ìyá àgbà mi máa ń sọ pé nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń yà láti Ìfọ̀ lọ sí Ìláròó àti Ìdógò, tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ń bi àwọn léèrè. Ó dùn mí pé ayé yẹn ti lọ. Ṣùgbọ́n ó ti lọ.

Ìdí mìíràn wà tí ìwé fi ṣe pàtàkì fẹ́ni tó ń wọkọ̀ ojú omi, kò sì kan àwọn aláṣọ ìjọba rárá. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2002, ọkọ̀ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Joola gbéra láti Ziguinchor lọ sí Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, ó sì dojú dé nítòsí etíkun Gáḿbíà. Ọkọ̀ tí kò yẹ kó gbé ju 600 èèyàn lọ ni. Èèyàn 1,863 ni ìjọba sọ pé wọ́n kú, 64 péré ló yè. Ọ̀pọ̀ ló wọlé láìní tíkẹ́ẹ̀tì, tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé kankan. Nígbà tí omi da òkú padà, ọ̀pọ̀ ni wọ́n sin láìmọ ọmọ ẹni tí í ṣe. Ọkọ̀ tó ń ná Àgbádárìgì sí Àjàṣẹ́ kéré gan-an sí Joola, àmọ́ bí ó bá dànù (kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́), ta ni yóò mọ̀ pé ìyá kan láti Ìfọ̀ wà nínú rẹ̀? Ní ilẹ̀ Yúróòpù, láti ọdún 1998 ni òfin wọn ti pàṣẹ pé bí ìrìnnà ojú omi bá gùn, kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo èrò sílẹ̀. Ẹ ní kí ọlọ́kọ̀ yín kọ orúkọ yín, kẹ́ ẹ sì bèèrè ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, kẹ́ ẹ tó jókòó.

Wàyí o, owó ńkọ́? Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, páásípọ́ọ̀tù ọlọ́dún márùn-ún ti di 100,000 náírà, ti ọlọ́dún mẹ́wàá di 200,000. Ìyá tó ń ta ìrẹsì Ọ̀fàdà ní Mowe, mélòó ni yóò tà kó tó rí 100,000 fi sílẹ̀ fún ìwé? Níbí ni mo ti dá ìjọba lẹ́bi. Bí káàdì tí wọ́n fẹnu kò lé lórí lọ́dún 2014 bá wà lárọ̀ọ́wọ́tó ní olówó pọ́ọ́kú, ó tó fẹ́ni tí kò lọ ju Àjàṣẹ́ àti Kútọnu lọ.

Èyí tó tún le ju owó lọ ni ọjọ́ ìbí. Ọdún 1992 ni òfin tó sọ ìforúkọsílẹ̀ ìbí di dandan káàkiri orílẹ̀-èdè yìí jáde. Àwọn òbí wa tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà náà, ìbúra ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń ní ọjọ́ orí. Ẹni tó bá ní ìgbà ìkórè kòkó ni wọ́n bí òun, òṣìṣẹ́ á kọ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní sílẹ̀ fún un. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọmọ rẹ̀ á tún lọ búra ọjọ́ mìíràn. Orúkọ tó jẹ́ Sáríyù níbì kan á di Sariat níbòmíràn. Bí ìwé méjì kò bá ti bára mu, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gba NIN, ṣùgbọ́n láti yí ọjọ́ ìbí padà nínú rẹ̀ ti lé ní 28,000 náírà lọ́dún 2025. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ yín, kẹ́ ẹ mú ọjọ́ kan àti bí ẹ ṣe ń kọ orúkọ, kó má sì yí mọ́.

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ti fẹ̀yìn tì sí Mowe àti Ìbàfò, tọ́mọ yín wà ní London, ẹ fetí sí èyí náà. Físà Bìrìtìkó kò wọ Faransé. Bí ọmọ bá ní kẹ́ ẹ jẹ́ káwọn wọkọ̀ ojú omi láti Dover ṣeré lọ sí Calais, físà Schengen lẹ máa nílò, bẹ́ẹ̀ Dover gan-an làwọn ará Faransé ti ń yẹ ìwé wò.

Ohun tí mo ń bẹ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn àtàwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀ àti Ọbáfẹ́mi-Òwódé fún kò pọ̀. Kí wọ́n bá wa bẹ àwọn tó ń ṣe NIN àti ìwé ìrìnnà kí wọ́n máa wá lọ́jọ́ ọjà, dípò kí arúgbó máa wọ mọ́tò lọ sí Abẹ́òkúta lẹ́ẹ̀mẹta nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú orúkọ. Ẹ̀yin ọba wa àti ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò lè gbé àga sílẹ̀ fún wọn.

Ìyá àgbà mi kò tíì rí ojú oórì àbúrò wọn. Wọ́n ti gba NIN. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo mú bírò, mo ní ká kọ ọjọ́ ìbí tí a máa fi ṣe páásípọ́ọ̀tù. Wọ́n ronú títí, wọ́n ní àbúrò àwọn ló máa ń rántí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.