WÁKÀTÍ KAN ÀBỌ̀ WO?

Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀fà tí ń bẹ ní Kánò! Ẹ ti gbọ́ àbá tí àwọn ará ilé fi ránṣẹ́: pé ọmọ ẹgbẹ́ tí kò bá wá sí ìpàdé ọdọọdún ní oṣù Kejìlá yóò san owó ìtanràn, nítorí pé wákàtí kan àbọ̀ péré ni bàálù ń fò láti Kánò. Èmi tí mo ń kọ ìwé ẹgbẹ́ yìí, tí mo sì ń ta aṣọ ní Sabon Gari, mo ní ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, kí àwọn àgbà má bínú.

Èkó ni bàálù náà ń lọ, kì í ṣe Ọ̀fà. Láti Kánò sí Èkó lójú òfurufú tó nǹkan bí 520 máìlì, ìyẹn 830 kìlómítà. Lóòótọ́ bàálù lè sá ju 800 kìlómítà lọ ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n ó ní láti gòkè, ó sì ní láti sọ̀kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a gba wákàtí kan àbọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ mú máàpù Nàìjíríà, kí ẹ na okùn láti Kánò sí Èkó kó gún régé: okùn náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba orí Ọ̀fà kọjá! Ẹni tó wọ bàálù yóò fò kọjá ilé bàbá rẹ̀, yóò balẹ̀ sí Èkó, yóò sì tún fi mọ́tò padà sẹ́yìn ní nǹkan bí 300 kìlómítà. Ẹni tó bá ní kí a bọ́ sí Ìlọrin, kí ó kọ́kọ́ wádìí iye bàálù tó ń ti Kánò lọ síbẹ̀ tààrà.

Ọyẹ́ ńkọ́? Ẹni tó gbé Kánò mọ̀ pé bí eruku ọyẹ́ bá bo ojú ọ̀run, bàálù kò ní lè balẹ̀, kò sì ní lè gbéra. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, èmi àti ẹrù mi jókòó sí pápá bàálù láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kí wọ́n tó ní kí a máa lọ sílé. Síbẹ̀, orúkọ mi wà nínú ìwé àwọn tí kò wá!

Àwọn bàbá wa kò fò. Láti 1912 tí ojú irin ti so Èkó pọ̀ mọ́ Kánò, wọ́n ń wọ rélùwéè níbí, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ ní Ọ̀fà gan-an. Ó pẹ́ lọ́nà, ṣùgbọ́n ilé ló gbé wọn dé. Lónìí, ọ̀nà mọ́tò kò fọkàn ẹni balẹ̀ nítorí àwọn ajínigbé, owó bàálù fún ọkọ, ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta sì lè gbé èrè ọjà oṣù púpọ̀ lọ. Ṣé ìtanràn ló kù?

Àbá tèmi ni pé kí a má fọwọ́ sí i. Kí wọ́n sún ìpàdé sí oṣù Kẹjọ, tí àwọn ọmọ wa wà ní ìsinmi. Òjò a máa dá bàálù dúró fún wákàtí díẹ̀. Ọyẹ́ lè dá a dúró fún ọjọ́. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni a óò dìbò. Èmi yóò mú máàpù àti okùn náà wá.