Okùn Ojú Ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀

Ẹni tó bá ti wọkọ̀ ní Mile 2 l'Ékòó lọ sí Kútọnu ní orílẹ̀-èdè Benin rí mọ̀ pé wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ kó tó dé ibodè Sẹ̀mẹ̀ rárá. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Àgbádárìgì ni okùn tí wọ́n ń fà dí títì bẹ̀rẹ̀: kọ́sítọ́ọ̀mù níbí, ìmígíréṣọ̀n lọ́hùn-ún, ọlọ́pàá níwájú díẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi èrò. Ẹni tó ní páásípọ́ọ̀tù ń fi owó há a láàárín. Ẹni tí kò ní, owó nìkan ló ń nà sí wọn. Bí ìwé bá sì pé, wọ́n á béèrè yẹ́lò káàdì, ìwé àjẹsára.

Èmi ò ní kí wọ́n ṣí ibodè sílẹ̀ gbayawu. Ìbọn ń gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n sì ń kó ọmọ ọlọ́mọ gba ibẹ̀ lọ tà. Àmọ́ kí ni okùn kẹwàá fẹ́ rí tí èkíní kò rí? Onífàyàwọ́ ti ka owó okùn mọ́ owó ọjà rẹ̀ kó tó kúrò nílé. Ìyá aláṣọ tó ń ti ọjà Dantokpa ní Kútọnu bọ̀ ni wọ́n ń tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀.

Láti 1979 ni àdéhùn ECOWAS ti fún wa láyè láti wọ ilẹ̀ ara wa láìgba físà, ká sì lo 90 ọjọ́. Ní October 2018, Buhari tó jẹ́ ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà àti Talon tó jẹ́ ààrẹ Benin jọ ṣí ilé ibodè àjùmọ̀lò ní Sẹ̀mẹ̀-Kraké, kí òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè méjèèjì lè jọ wà lójú kan, kí èrò sì dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò pé ọdún kan tí Nàìjíríà fi ti ibodè pa nítorí fàyàwọ́, pàápàá ti ìrẹsì. December 2020 ni wọ́n tó ṣí Sẹ̀mẹ̀. Ibodè Ìdí-Ìrókò ń retí títí di 2022. Láàárín ìgbà yẹn, ìrẹsì ń gba inú igbó wọlé. Ẹni tó fẹ́ gba òǹtẹ̀ gan-an ni ọ̀nà dí mọ́. Ẹ tún wo ará Ìmẹ̀kọ tí ẹbí rẹ̀ wà ní Kétu ní Benin: abẹ́ ọba kan náà ni wọ́n wà kí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tó pín ilẹ̀ náà láàárín ara wọn.

Kí wọ́n yẹ̀ wá wò dáadáa ní Sẹ̀mẹ̀, kí ẹ̀rọ ka ìwé wa, kí wọ́n tú ẹrù tó bá mú ìfura wá. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n ká okùn ojú títì, kí wọ́n sì kó àwọn tó ń fà á lọ sí ọ̀nà igbó tí ìbọn ń gbà. Lóòótọ́, kò sí bọ́ọ̀sì èrò tí wọ́n máa dá dúró níbẹ̀. Bóyá ohun tí kò jẹ́ kí ibẹ̀ wù wọ́n nìyẹn.