Bírò Pupa àti Àsìkò Afànámónìí

Àròkọ kan ló bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ọ́ jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kùmásí, tí bàbá rẹ̀ ń tajà ní ìtòsí Kejetia. Wọ́n ní kí ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ìtàn tí ó gbọ́ lẹ́nu àgbà ilé rẹ̀. Ó kọ nípa bí ìyá rẹ̀ àgbà ṣe kúrò ní Gánà ní ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àròkọ náà wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé ọwọ́ mi, bírò pupa ti bò ó. Olùkọ́ rẹ̀ ti fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe mọ́kànlá, ó sì kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré sí ìsàlẹ̀ ìwé: “Maintain your tense.” Ọmọ náà bi mí pé kí ni ó túmọ̀ sí.

Díẹ̀ nínú ohun tí ó kọ nìyí: “My grandmother has a shop near the station. One evening my uncle came with the news. She is counting money. She knows that it is true. She packed two boxes and left.”

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ bá mi sọ ọ́ ní Yorùbá. Ìyá mi àgbà ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí ibùdókọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àbúrò bàbá mi mú ìròyìn wá. Ó ń ka owó. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó di ẹrù sínú àpótí méjì, ó sì lọ. Níbo ni àṣìṣe wà níbẹ̀? Kò sí. Gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí ló dúró sí ibi kan ṣoṣo, ìyẹn ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìròyìn náà dé.

Àwọn ìwé gírámà wa ti fún ohun tí ọmọ yìí ṣe ní orúkọ tipẹ́: àsìkò afànámónìí. Orúkọ náà ṣàlàyé ara rẹ̀, nítorí pé ó fa àná mọ́ òní. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ń sọ ohun tí ènìyàn ṣe, bíi mú, dì àti lọ, tí kò sì sí atọ́nà kankan níwájú rẹ̀, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni a ó gbọ́. Bí ó bá ń sọ ipò tí nǹkan wà, bíi ní, mọ̀ àti fẹ́, ipò ìsinsìnyí ni a ó kọ́kọ́ gbọ́, àyàfi tí ìtàn bá ti gbé wa lọ sí ìgbà mìíràn. Ní ti ń, ibá atẹ́rẹrẹ ni. Pé nǹkan ń lọ lọ́wọ́ ni ó ń sọ, kò sọ bóyá lánàá ni tàbí lónìí. (Ọlásopé Oyèláràn wà lára àwọn onímọ̀ tó ní Yorùbá kò ní àsìkò rárá, pé ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ nìkan ló ní. Èmi kò bá a lọ dé òpin ọ̀nà yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ Yorùbá ní Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé iyàn náà wà.)

Ẹ padà sí àròkọ náà. “Came,” “packed” àti “left” tọ̀nà, nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe ohun tí a ṣe ni wọ́n. “Has,” “knows” àti “is” kò tọ̀nà, nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe ipò ni wọ́n. “Is counting” kò tọ̀nà, nítorí pé ń ni ọmọ náà ní lọ́kàn. Mo tún ìyókù àròkọ náà yẹ̀ wò, gbogbo ìlà pupa mọ́kọ̀ọ̀kànlá ló sì bọ́ sínú àwọn àpò méjì yìí. Àṣìṣe tí a lè sọ tẹ́lẹ̀ kí a tó ṣí ìwé kì í ṣe ti olóríburúkú. Òfin ni ọmọ náà ń tẹ̀ lé, òfin èdè mìíràn ló kàn jẹ́.

Bírò pupa kan náà ni wọ́n fi ń fa ìlà sínú ìwé ọmọ Àṣáńtì tó jókòó tì í, bí ẹni pé àìsàn kan náà ló ń ṣe wọ́n. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Twi ń sàmì sí ohun tó ti kọjá lára ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an nípa fífa fáwẹ́lì rẹ̀ gùn. Níbi tí Yorùbá ti sọ pé Ama lọ sí Kùmásí ra aṣọ, Twi á ní “Ama kɔɔ Kumase tɔɔ ntoma,” àmì náà á sì hàn lára ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì. Ọmọ Twi ti ní ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń bèèrè nínú apá yìí. Ibi tí ó ti ń kọsẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe ipò bíi “wɔ,” tí kì í gba àmì yẹn. “Na” ni Twi ń fi síwájú gbólóhùn láti gbé e padà sẹ́yìn, Gẹ̀ẹ́sì kò sì ní irú “na” bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ méjèèjì ṣubú síbi kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀ yàtọ̀. Olùkọ́ mélòó ló ti sọ èyí fún wọn rí?

Òfin tí bírò pupa ń kéde kì í tilẹ̀ ṣe òfin Gẹ̀ẹ́sì. Charles Dickens tẹ Bleak House jáde láàárín ọdún 1852 sí 1853. Òǹsọ̀tàn méjì ló wà nínú rẹ̀: ọ̀kan ń fi àsìkò ìsinsìnyí sọ ìtàn, èkejì ń fi àsìkò tó ti kọjá sọ tirẹ̀. Àwa ọ̀mọ̀wé pàápàá, nínú ìwé ìwádìí kan ṣoṣo, a ó ní a kó ọ̀rọ̀ jọ lánàá, a ó sì ní àbájáde rẹ̀ fi nǹkan hàn lónìí. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń bèèrè ni pé kí òǹkọ̀wé mọ ibi tí ó dúró sí tí ó ti ń wo ìṣẹ̀lẹ̀, kí ó má sì kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé ó ní ìdí. Bí a bá kàn pàṣẹ fún ọmọ pé kó má yí àsìkò padà, ẹ̀rù ni a dá bà á. Ẹ̀rù yìí wà lára ohun tó ń mú “had” kún inú ìwé wọn, tí ọmọ á máa kọ “I had seen him yesterday” kí olùkọ́ má baà ní kò lọ sẹ́yìn tó.

Mo mọ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí yóò ní kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé Gẹ̀ẹ́sì tiwa náà nìyẹn. Inú rere ni wọ́n fi ń sọ ọ́, àmọ́ ọmọ ló ń san gbèsè rẹ̀. Nínú àádọ́ta máàkì tí àjọ WAEC ti ń fún àròkọ, mẹ́wàá jẹ́ ti pípéye gírámà àti sípẹ́lì, ìdajì máàkì sì ni àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Ẹ ṣírò mọ́kànlá níbẹ̀. Ẹni tó ń máàkì kò mọ ìyá àgbà, kò sì gbọ́ Yorùbá tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì náà.

Àwọn tó bí mi nínú jù ni àwọn tó ń di ẹ̀bi ru èdè abínibí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Haruna Iddrisu, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Gánà, kéde pé dandan ni kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà wọ́gi lé ìlànà ọdún 2022 tó fi èdè abínibí sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mínísítà Tunji Alausa ní àwọn agbègbè tó lò ó jù ni wọ́n ti ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Kí ló fẹ́ sọ nípa ọmọ Kùmásí yìí? Kò sí olùkọ́ tó fi Yorùbá kọ́ ọ rí. Yorùbá kò sí lára èdè mọ́kànlá tí Gánà fi bẹ̀rẹ̀ ètò NALAP ní ọdún 2009. Gẹ̀ẹ́sì àti Twi nìkan ni ilé ẹ̀kọ́ mọ̀, síbẹ̀ gírámà ilé rẹ̀ bá a wọ kíláàsì. Bí a bá lé èdè náà jáde, àṣìṣe náà kò ní tẹ̀ lé e lọ. Ẹni tó lè ṣàlàyé rẹ̀ ni kò ní sí mọ́. Ìpinnu ti Gánà dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n bí olùkọ́ Twi kò bá sọ ohun tí “na” ń ṣe fún ọmọ, tí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò sì bi í, orin àti ìtàn àlọ́ nìkan ni a ó fi èdè abínibí kọ́.

Èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ náà jókòó ti àròkọ rẹ̀. Mo ní kó sọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá, kó pín ọ̀rọ̀-ìṣe sí méjì, ti ohun tí a ṣe àti ti ipò, kó sì fa ìlà sábẹ́ gbogbo ń. Lẹ́yìn náà ni mo bi í níbo ló dúró sí tí ó ti ń wo ìyá àgbà. Kò gbà wá tó wákàtí kan. Ó fúnra rẹ̀ tún mẹ́wàá ṣe nínú mọ́kànlá. Ó kọ̀ láti fọwọ́ kan “She is counting money.” Ó ní òun ti mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n òun fẹ́ kí ẹni tó ń kà á rí ìyá àgbà níbi tó ti ń ka owó. Mo dá ìwé rẹ̀ padà fún un bẹ́ẹ̀.