Ọ̀rọ̀ Ìrìn Inú Èkó

Àwa tí a ń kọ èyí kì í ṣe ọmọ Èkó nípa ìbí. Láti òkè ni a ti wá, ṣùgbọ́n Èkó gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún wa ní iṣẹ́, ó sì fún púpọ̀ nínú wa ní aya. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn wá. Afárá Third Mainland, tí a ṣí ní 1990, gùn ju kìlómítà 11 lọ. Àìmọye òwúrọ̀ ni a ti wà lórí rẹ̀ nínú dáńfó, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí apẹja ń fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ rẹ̀ kọjá lórí ọ̀sà, tí ó sì fi wá sílẹ̀ níbẹ̀.

Ní 1983 ni Gómìnà Lateef Jákàńdè fi ìpìlẹ̀ ọkọ̀ ojú irin ìlú lélẹ̀. Ní 1985 ni ìjọba ológun fagi lé e. Ó di 2023 kí èrò tó wọ irú rẹ̀ láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13 péré. Ẹni tí a bí ní ọdún ìpìlẹ̀ náà ti pé ogójì ọdún!

Omi yí wa ká. Ẹ̀yin ìjòyè tí ọ̀rọ̀ yín ń wọ etí ìjọba, ẹ bá wa bèèrè ọkọ̀ ojú omi tí mẹ̀kúnnù lè san owó rẹ̀, kí ogójì ọdún mìíràn má bàa kọjá.